Google Scholar ń kó ìwé wá, kì í ṣà wọ́n fún wa

Láti ọdún 2004 tí Google Scholar, ìkànnì Google tí a fi ń wá iṣẹ́ àwọn onímọ̀, ti dáyé, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí wọn. Èmi náà ń lò ó lójoojúmọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a rí ìwé, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ irú ìwé tí a rí.

Bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ ibà Lassa níbẹ̀, àpilẹ̀kọ inú jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, tí àwọn onímọ̀ mìíràn ti yẹ̀ wò fínnífínní, iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ fún oyè ọ̀mọ̀wé, àti preprint, ìyẹn iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé gbé síta kí àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò, lè tò tẹ̀ léra wọn, kí ojú má sì dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Òótọ́ ni pé ó máa ń fi àmì síwájú odindi ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti lè ní kó yọ ohun tí onímọ̀ kò tíì yẹ̀ wò kúrò.

Iye àwọn tó tọ́ka sí iṣẹ́ kan, tó máa ń kọ sísàlẹ̀, kò yanjú rẹ̀. Àpilẹ̀kọ tó so abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi mọ́ autism, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú ìdàgbàsókè ọpọlọ, tí jọ́nà ìṣègùn The Lancet tẹ̀ ní 1998 tí wọ́n sì fagi lé ní 2010, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló tọ́ka sí i, ọ̀pọ̀ wọn láti ta kò ó.

Ẹ ṣí ìwé náà fúnra yín, nítorí ojú ewé àkọ́kọ́ ló sábà máa ń tú àṣírí. Àpilẹ̀kọ jọ́nà sábà máa ń kọ ọjọ́ tí òǹkọ̀wé fi ránṣẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé máa ń dárúkọ yunifásítì àti oyè tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́. MedRxiv, ìkànnì preprint tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2019 fún iṣẹ́ ìṣègùn, máa ń kìlọ̀ pé iṣẹ́ náà kò tíì kọjá lọ́wọ́ àwọn onímọ̀, àti pé kí wọ́n má fi tọ́jú aláìsàn.

Fún wíwá ìwé, n kò tíì rí ẹlẹgbẹ́ Google Scholar. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìlera, PubMed, ìkànnì tí a fi ń wá iṣẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ni mo máa ń yà sí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí níbẹ̀, a lè yan àbájáde ìdánwò oògùn nìkan, a sì lè ní kó yọ gbogbo preprint kúrò kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí kà.