Mo ra kọ̀ǹtáàtì tuntun, ibi tá a ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀, fún mọ́tò Peugeot 404 bàbá mi l'Ouando, ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo 404 baṣé, èyí tí wọ́n ń fi tàpólì bo ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ti bàbá mi wà ní Kétu níbí, òun la fi ń kó gàrí àti ọsàn lọ s'Àjàṣẹ́, Porto-Novo ní Benin, ó dàgbà jù mí lọ, ẹ má sì dán an wò kẹ́ ẹ sọ pé kí bàbá tà á o, torí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn pé 404 ló gba ìdíje mọ́tò Sáfárì ìlà-oòrùn Áfíríkà ní 1963, ó tún gbà á ní 1966, 1967 àti 1968, àfi bíi pé àwọn ni wọ́n wà á.

Kọ̀ǹtáàtì ẹ̀ ni wàhálà. Ihò ẹ̀ ti jẹ débi pé ẹ̀yìn ṣíbí lè ṣáná sí i. Ìyẹn ò dùn wá. Èyí tó dùn wá ni pé tí mọ́tò bá ti bọ́ sí gegele lọ́nà Pobè báyìí, ẹ́ńjìnnì á kàn dákẹ́, tẹ́ ẹ bá tún yí kọ́kọ́rọ́, iná iwájú á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan á kú, demarẹ́ tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kíkísítátà ò ní mira. Mẹkanísíẹ̀n kan ní bátìrì ni, a rà á. Ó tún ní demarẹ́ ni, a tún un ṣe. Owó lọ, mọ́tò ò lọ.

Ni ẹnì kan bá júwe bàbá rẹwáyà kan, oníṣẹ́ iná mọ́tò, fún mi l'Ouando, Àjàṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fún bàbá yìí ní 5 nínú 5 ni pé kò ní kí n ra nǹkan kan kó tó wò ó. Ó mú gílóòbù kékeré tó so wáyà méjì mọ́, ó fi kan bátìrì, ó tàn yòò. Ó fi kan wáyà ńlá tó wọ ẹ̀yìn kọ̀ǹtáàtì, ó ṣì tàn yòò. Ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́, ó wá fi kan wáyà tó ń jáde lọ sí bọbíìnì, kọ́ìlì tó ń fún pílọ́ọ̀gì níná, iná wá rí bí àtùpà tí epo ẹ̀ fẹ́ẹ́ tán. "Ọmọ Kétu, ṣé o rí i? Iná wọlé, kò jáde." Ó fa wáyà tààrà láti bátìrì sí bọbíìnì, ó ṣáná, mọ́tò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Oṣù méjì la ti ń wá nǹkan yẹn kiri o!

Kọ̀ǹtáàtì tuntun yẹn, 5500 fáráǹ ni mo rà á lọ́dọ̀ àwọn onípíẹ́ẹ̀sì. Kì í ṣe ti 404 gan-an, èyí tó ń wọ mọ́tò oríṣiríṣi ni. Wọ́n kọ 30, 15, 50 sẹ́yìn ẹ̀. Bàbá rẹwáyà ní nọ́ńbà àwọn ará Jámánì ni, 30 ni iná tó ń ti bátìrì bọ̀ tí kì í kú, 15 ń lọ sí bọbíìnì, 50 ń lọ sí demarẹ́. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan ó ti tú máàsì bátìrì, wáyà tó so ó mọ́ irin mọ́tò, ó so àkísà aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. Ọrùn tuntun tín-ín-rín ju ihò àtijọ́ lọ, ó gé páànù agolo mílíìkì ṣe wọ́ṣà fún un, ó mú un dan-in.

Ó tú ti àtijọ́ hàn mí, bàbà inú ẹ̀ ti dúdú bí èédú. Ó ní ẹnì kan ti so iná iwájú ńlá méjì gba inú kọ̀ǹtáàtì, ẹrù yẹn pọ̀ jù fún un. Ó fi relé kan sí i, 2000, súwíìṣì kékeré tó ń gbé ẹrù iná ńlá, kí ẹrù iná iwájú má gba inú kọ̀ǹtáàtì mọ́. Ẹ má ṣahun lórí relé yẹn o. Mo dé Kétu padà, mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn kọ̀ǹtáàtì, tútù ni. Ó tún kìlọ̀ pé ká má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí tí ẹ́ńjìnnì ò bá ṣiṣẹ́, bọbíìnì á gbóná.

Ọjà fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? 3 nínú 5, mi ò lè fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́kọ́rọ́ méjì tó bá a wá fúyẹ́ bí ìdérí ìgò, ẹ tún gbọ́ o: mo dán tèmi wò lára òmíràn tó wà lórí tábìlì ẹni tó tà á, ó sì yí i! Mo pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣáà ní jí mọ́tò ara yín." Látìgbà yẹn la ti ń tú orí bátìrì lálẹ́.

Oṣù mẹ́ta rèé, kò tíì kú lọ́nà lẹ́ẹ̀kan. Owó iṣẹ́ bàbá jẹ́ 4000, ó gbà á ní wákàtí méjì, ì bá má tó bẹ́ẹ̀ ká ní gbogbo ẹni tó ń kọjá ò dúró kí i. Kì í gba mómò, owó orí fóònù, owó ọwọ́ ni kẹ́ ẹ mú dání, kì í sì í ṣí ní Sọ́ńdè.