Gbọ̀ngàn ni tàbí Ojúde?

Eré apanilẹ́rìn-ín kan dá lórí bàbá ẹni 50 ọdún tí ọjọ́ orí ń bà lẹ́rù, tí ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ sì wá da ilé rẹ̀ rú. Ṣé inú gbọ̀ngàn ló yẹ ká ti ṣe é ni, àbí ní ojúde? Ní gbọ̀ngàn ní Adó-Èkìtì, iná ṣeé tàn sí ojú kan ṣoṣo: bàbá níwájú dígí, ó ń fa irun funfun tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa rí ìyẹn ní ojúde?

Àmọ́ ní ojúde, bí ọ̀rẹ́ náà bá ti ní, "Jẹ́ ká lọ ra alùpùpù," àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì á pariwo: "Bàbá, má dá a lóhùn o!" Òṣèré á sì fèsì, bíi ti alárìnjó, àwọn òṣèré ayé àtijọ́ tó ń ṣeré láti ìlú dé ìlú. Ojúde ni mo fara mọ́, kó ṣáà jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.