Ráútà 4G inú ilé, ètò 20 Mbps: ibi tó ti ń yára àti ibi tó ti ń fà

Ráútà yìí jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń ki síìmù bọ̀. Iná 12V ló ń lò, nítorí náà UPS kékeré 12V lè gbé e nígbà tí wọ́n bá mú iná. Wọ́n kọ "títí dé 20 Mbps" sára páálí rẹ̀. Fún ilé ẹlẹ́ni márùn-ún, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ rà á torí pé ìkànnì ń pẹ́ kó tó ṣí, kó mọ̀ pé nọ́ńbà 20 yẹn nìkan kọ́ ló máa yanjú rẹ̀.

Mbps (mégábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) kì í ṣe MB (mégábáìtì): bíìtì 8 ló ń di báìtì kan. Ẹ fi 8 pín in: 20 Mbps kò lè gbé ju 2.5 MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fáìlì 500 MB á gba ó kéré tán ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 20. Níbi irú fáìlì ńlá báyìí àti fídíò, bandwidth (bí ọ̀nà dátà ṣe fẹ̀ tó, òun ni nọ́ńbà Mbps yẹn) gan-an ni ọ̀gá. 5 Mbps ni Netflix ní kéèyàn ní fún fídíò 1080p, nítorí náà ẹni mẹ́ta lè máa wo tiwọn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní máa yí.

Ṣíṣí ìkànnì yàtọ̀. Kí lẹ́tà àkọ́kọ́ tó hàn, fóònù á kọ́kọ́ béèrè àdírẹ́sì lọ́wọ́ DNS (ìwé àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì), á kí sáfà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì wà lórí rẹ̀), àwọn méjèèjì á fohùn ṣọ̀kan lórí kọ́kọ́rọ́ HTTPS tí yóò máa ti ọ̀rọ̀ wọn pa, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó béèrè ojú-ewé. Lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan bí àlọ-àbọ̀ mẹ́rin nìyẹn. Bí ping (àkókò àlọ-àbọ̀ kan) bá jẹ́ 50 ms, 200 ms ló lọ (1000 ms ló ń di ìṣẹ́jú-àáyá kan). Bó bá jẹ́ 300 ms, ìṣẹ́jú-àáyá 1.2 ti lọ lórí ìkíni lásán, ì báà jẹ́ 5 Mbps lẹ san owó rẹ̀ tàbí 100. Sáfà pàápàá kì í da gbogbo ẹrù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: pákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà kékeré) bíi 10, nǹkan bí 14 KB, ló ń kọ́kọ́ rán, á dúró kí fóònù sọ pé ó dé, kó tó rán ìlọ́po méjì rẹ̀. Àwòrán kékeré á ti parí kí eré tó pọ̀. Bí wọ́n bá fẹ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ìlọ́po mẹ́wàá, Ìbàdàn kò ní tìtorí ìyẹn súnmọ́ Èkó. Ní 2010, Mike Belshe tó wà ní Google nígbà náà wọn ọ̀rọ̀ yìí: láti 5 Mbps sí 10 Mbps, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 péré ni àkókò tí ojú-ewé fi ń ṣí fi dín kù.

Ibi tí ráútà yìí ti já mi kulẹ̀ ni ìgbà tí ẹnì kan bá ń fi nǹkan ránṣẹ́. Kí fóònù kan ṣoṣo máa gbé fídíò lọ sí Google Photos, ìlà á gùn nínú ráútà, ìbéèrè kékeré tí fóònù yòókù ń rán á tò sẹ́yìn rẹ̀, ìkànnì gbogbo ilé á sì máa fà, bẹ́ẹ̀ 20 Mbps ṣì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò tán. Ẹ lọ sí fast.com, ẹ tẹ "Show more info", kí ẹ wo latency (àkókò àlọ-àbọ̀) méjèèjì: "unloaded" ni ìgbà tí ìlà ṣófo, "loaded" ni ìgbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀. Bí "loaded" bá fi ìlọ́po márùn-ún ju "unloaded" lọ, àìsàn yìí ló wà níbẹ̀. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí ráútà dín upload (eré tí a fi ń fi nǹkan ránṣẹ́) kù sí nǹkan bí ìdá 85 nínú 100 ohun tí ẹ wọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lórí èyí. Ó yẹ kí wọ́n fi sí i. Fún ìgbà yìí, ẹ pa bákọ́ọ̀pù fọ́tò títí di òru.

Ibi tí ẹ gbé e sí náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ ṣí àdírẹ́sì tó wà lábẹ́ ráútà, bíi 192.168.8.1, kí ẹ wá RSRP (bí àmì òpó ṣe lágbára tó, dBm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) àti SINR (bí àmì náà ṣe mọ́ tó láàárín ariwo). RSRP -80 dBm dára, -110 kò dára. SINR tó ju 20 lọ mọ́, èyí tó bá wà lábẹ́ 0 ti dàrú. Bí RSRP bá dára tí SINR kò dára, ariwo òpó mìíràn ló ń dà á láàmú: ẹ gbé e lọ sí fèrèsé tó kọjú síbòmíràn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún wò ó. Nínú yàrá kan náà, ẹ lo wáìfáì 5 GHz, 2.4 GHz ló ń la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá dáadáa.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ìlà FUP (òfin òdiwọ̀n ìlò dátà) inú "unlimited" wọn. Bí dátà bá kọjá òdiwọ̀n, wọ́n lè já eré yín sí 1 Mbps. Ojú-ewé 2.5 MB á wá gba ìṣẹ́jú-àáyá 20, kò sì sí fèrèsé tí ẹ máa gbé e sí tó máa yára.