Búréèkì Shimano MT200 lórí ìdagẹ̀rẹ́ Ìgbẹ́tì: ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ ra óìlì ẹ̀ mọ́ ọn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ òkè (mountain bike) l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí àti ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ búréèkì ni mo bá wá o, torí mo rí i pé gíà lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè tí wọ́n bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, gíà mélòó ló ní, ṣé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, wọn ò ní béèrè ohun tó máa dá wọn dúró. Èyí tí mo ń lò ni Shimano MT200. Búréèkì dísìkì olóìlì ni, ìyẹn ni pé àwo irin tó wà láàárín wíìlì ló ń fún mú, óìlì ló sì ń gbé agbára ọwọ́ yín débẹ̀, kì í ṣe oníwáyà. Nínú àwọn tí Shimano ń ṣe fún kẹ̀kẹ́ òkè ó wà lára àwọn tówó wọn rọjú, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn kẹ̀kẹ́ tí kì í ṣe ti olówó ńlá lókè òkun, torí náà ẹlòmíì lè ti ní in lára kẹ̀kẹ́ tó rà kó má tíì mọ̀. Ẹ yẹ ara kálípà yín wò, ìyẹn apá búréèkì tó há dísìkì sáàárín.

Tó bá jẹ́ Tákíé sí Under G nínú ìlú níbí lẹ ń lọ, búréèkì yòówù kó wà lára kẹ̀kẹ́ yín á ṣe é. Àmọ́ ẹ gba ọ̀nà Ìkòyí-Ilé lọ sí Ìgbẹ́tì, ilẹ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, àpáta ńlá ńlá, Òkè Ìyámàpó níwájú yín, ọ̀nà oko tóóró tó gba ẹsẹ̀ àpáta, tó gòkè díẹ̀, tó tún já sílẹ̀ lójijì. Ibòmíì yangí ni, ibòmíì òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yí lábẹ́ táyà, ibòmíì àpáta gbalasa tó ń dán, ìdagẹ̀rẹ́ ibẹ̀ sì le débi pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn gan-an á máa wá koríko dì mú. Níbẹ̀ yẹn, gbogbo eré tí kẹ̀kẹ́ àti ẹni tó wà lórí ẹ̀ ń sá, ooru ni búréèkì ń sọ ọ́ dà, ooru ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Búréèkì tó ń fún rímù, ara rímù ló ń gbóná, tí ìdagẹ̀rẹ́ bá wá gùn, ooru yẹn lè bẹ́ túùbù tó wà nínú táyà. Tí òjò bá rọ̀ tàbí tí ẹrẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ rímù, ẹ máa fà á títí, kẹ̀kẹ́ ò ní tètè dáhùn. Ti dísìkì, àárín wíìlì lọ́hùn-ún ló wà, ẹrẹ̀ kì í tètè dé ibẹ̀, àwo irin yẹn ló ń gba ooru, kò kan táyà.

Ọ̀rọ̀ ìjánu sì ti wà nínú eré yìí látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Marin, ní California l'Amẹ́ríkà, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó wúwo ni wọ́n ń gbé sọ̀ kalẹ̀ ní àgbègbè Mount Tamalpais, inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn àárín gbùngbùn wíìlì, ni búréèkì ẹ̀ wà, èèyàn á wa pẹ́dàlì sẹ́yìn kó tó dúró. Ìdíje Repack, ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1976 ni wọ́n kọ́kọ́ sá a, kí wọ́n sì tó dé ìsàlẹ̀, gíríìsì inú họ́ọ̀bù yẹn á ti jó, á máa rú èéfín, wọ́n á ní láti tú u kí wọ́n ki gíríìsì tuntun sí i kí wọ́n tó tún lè sá òmíì, ibẹ̀ lorúkọ Repack ti wá. Ní 1996 eré yìí wọ Olímpíìkì ní Atlanta. Èèyàn á rí i pé àwọn tó nígboyà tó bẹ́ẹ̀ gan-an, búréèkì ló ń dà wọ́n láàmú.

Ó yá, MT200 yìí ńkọ́? Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀ ni pé ó ń gbọ́ràn. Ìka kan ṣoṣo ti tó. Tẹ́ ẹ bá kàn án díẹ̀, eré á dín díẹ̀, tẹ́ ẹ bá fún un sí i, eré á dín sí i, kò ní ṣàdédé di wíìlì mú gbagidi kó wá gbé yín ṣubú, kò sì ní dákẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti fà á dé ibi tó le. Ẹni tó ti fi búréèkì oníwáyà sọ̀ kalẹ̀ látorí àpáta rí mọ bí ọwọ́ ṣe máa ń ro èèyàn kó tó dé àárín òkè, débi pé ibi tó yẹ kó ti fún un gan-an, agbára ò sí lọ́wọ́ mọ́. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Torí pé ìka kan péré lẹ fi ń fà á, ìka yòókù á ráàyè di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú dáadáa, ìyẹn sì tún jẹ́ ààbò lọ́tọ̀ níbi tí òkúta bá ti ń gbé táyà sókè.

Ẹ má sì bẹ̀rù ti iwájú. Tí kẹ̀kẹ́ bá dorí kodò, iwájú ni gbogbo ẹrù ń wá, búréèkì iwájú ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́, ti ẹ̀yìn kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ẹ gbé ìdí sẹ́yìn síìtì, ẹ tẹ orúnkún, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, níbi tí ilẹ̀ bá sì ti tẹ́jú díẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀ kí àwo dísìkì tutù, ẹ má fà á látòkè délẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ tí búréèkì iwájú wà kẹ́ ẹ tó gbé tòkunbọ̀ kankan lọ sórí òkè, torí kẹ̀kẹ́ tó ti Ìlú Ọba wá, ọwọ́ ọ̀tún ni tiwájú sábà máa ń wà, èyí tó ti Jámánì tàbí Amẹ́ríkà wá, ọwọ́ òsì ni. Ẹ dán an wò nílé, nínú kọ́ḿpáúndì, kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n. Akoto náà o, mi ò fẹ́ gbọ́ pé ooru mú.

Ibi tó yẹ kí n ti là á mọ́lẹ̀ fún yín rèé: óìlì. Mineral oil ni Shimano ń lò, àwọ̀ ẹ̀ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Búréèkì óìlì tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò káàkiri ìlú, tí wọ́n kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí lára, nǹkan mìíràn pátápátá nìyẹn, rọ́bà inú búréèkì yìí ò lè gbà á, á wú, á bàjẹ́, óìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, gbogbo ẹ̀ á di èyí tí wọ́n ń jù nù. Mo ti rí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ gan-an tó na ọwọ́ sí ike DOT torí búréèkì óìlì ni búréèkì óìlì lójú tiẹ̀, mo sì ní ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, ẹ gbé e sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, ti mọ́tò ló ń rí lójoojúmọ́. Bí ìgbà téèyàn bá da dísù sínú jẹnẹrétọ̀ kékeré oní-pẹtiróò ló rí. Mi ò rí mineral oil ọ̀hún rà ní ṣọ́ọ̀bù kankan níbí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lọ Ìbàdàn tàbí Èkó ni mo ń rán sí, torí náà ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ra búréèkì lẹ ti ń ra óìlì, ẹ má dúró dìgbà tí éà bá wọ inú ẹ̀, tí ọwọ́ búréèkì bá ń rọ̀ títí tó fi ń kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Tó bá ti rọ̀ báyẹn, ẹ má gbé e gun òkè, ẹ kọ́kọ́ bíléèdì ẹ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ lé éà inú óìlì ẹ̀ jáde.

Páàdì ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń fún dísìkì mú, resin ni, kì í ṣe onírin. Resin kì í pariwo, ó sì rọrùn fún dísìkì, ṣùgbọ́n gbogbo resin ló ń tètè jẹ nínú ẹrẹ̀ àti iyanrìn, ẹ ní ìkejì nílé. Bẹ́ ẹ bá ṣe fi tuntun sí i, ẹ ò gbọdọ̀ gbé e lọ sórí àpáta lọ́jọ́ náà, ẹ wá títì tó tẹ́jú, ẹ sá eré díẹ̀, ẹ fà á kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kó lè mọ dísìkì. Epo kankan ò gbọdọ̀ kan páàdì tàbí dísìkì, ẹni tó ń fi óìlì sí ṣéènì kó rọra. Eruku ọyẹ́ ò ṣe é ní nǹkan kan, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ má lo kẹrosíìnì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yọ wíìlì kẹ́ ẹ lè rí kẹ̀kẹ́ kó sínú búùtù Micra, ẹ gbọ́ èyí: tí wíìlì bá ti kúrò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan búréèkì, àwọn ọmọdé pàápàá fẹ́ràn kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Písítìn méjèèjì tó ń ti páàdì nínú kálípà á sún mọ́ra wọn, tẹ́ ẹ bá dé Ìgbẹ́tì dísìkì ò ní ráàyè wọlé mọ́. Ẹ ká páálí, ẹ fi sáàárín páàdì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, igi pẹlẹbẹ tàbí ike ni kẹ́ ẹ fi rọra tì wọ́n padà, kì í ṣe sukudiráfà.

Kì í ṣe gbogbo kẹ̀kẹ́ ló lè gbé e o. Ojú ìdè kálípà gbọ́dọ̀ wà lára férémù àti fọ́ọ̀kì, họ́ọ̀bù náà gbọ́dọ̀ ní ibi tí dísìkì máa jókòó sí. Tòkunbọ̀ tó jẹ́ ti rímù nìkan, owó tẹ́ ẹ máa ná láti yí i padà, ẹ fi wá kẹ̀kẹ́ mìíràn ni. Iye tí wọ́n ń ta búréèkì yìí ń yí padà pẹ̀lú dọ́là, mi ò ní kọ iye kan kẹ́ ẹ wá fi mú olùtajà.

Àwọn tó ń béèrè bóyá èèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Old Oyo National Park, 2,512 kìlómítà níbùú lóròó ni igbó yẹn, ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ wọn wà ní Ìsokùn l'Ọ́yọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lọ gbàṣẹ. Ní Ìgbẹ́tì náà, ọmọ ìlú ni kẹ́ ẹ bá rìn.

Ohun tí mo máa fi kún tèmi ni dísìkì mìlímítà 180 níwájú dípò 160 tó wà níbẹ̀ báyìí, torí èyí tó tóbi máa ń fún búréèkì lágbára sí i, ó sì ń tètè tu ooru dànù, á kàn nílò adáptà kékeré tó máa gbé kálípà sókè ni. Tẹ̀yìn á wà bó ṣe wà.