Àgbéyẹ̀wò akáǹtì ìfẹ̀yìntì mi: oṣù mọ́kànlá tí owó kò wọlé

Ìwé kan ṣoṣo ló mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Nígbà tí ó ku oṣù mẹ́ta kí n fẹ̀yìn tì, ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì mi tẹ àkọsílẹ̀ akáǹtì mi fún mi, mo sì rí i pé oṣù mọ́kànlá gbáko ni owó kankan kò wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú 100 owó-oṣù mi lóṣooṣù, tí òfin ọdún 2014 sì ní kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un.

Ọkùnrin tí mo kọ́kọ́ bá kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n lọ bá àwọn tó gbà mí síṣẹ́. Ariwo tí mo pa ni ó mú ọmọbìnrin kan dìde ní tábìlì kejì, tí ó kúnlẹ̀ kí mi, tí ó sì ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé owó-oṣù yín." Ó fi bírò pupa sàmì sí oṣù kọ̀ọ̀kan. Ó ṣàlàyé pé owó wa kì í sí lọ́wọ́ àwọn rárá, ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ń tọ́jú rẹ̀ (láti ọdún 2006 tí mo ti forúkọ sílẹ̀, n kò mọ̀!), pé ọjọ́ iṣẹ́ méje péré ni agbanisíṣẹ́ ní láti fi owó ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ó bá ti san owó-oṣù, àti pé ìtanràn wà fún ẹni tí ó bá kọ̀. Ó bá mi kọ ìwé ẹ̀sùn sí PenCom, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, ó sì pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin kí owó náà tó wọlé.

Inú mi dùn débi pé mo ń yin ètò akáǹtì ìfẹ̀yìntì yìí kiri. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà lábẹ́ pẹ́ńṣọ̀n ìjọba àtijọ́ kò ní ìwé kankan tí yóò fi mọ oye tí wọ́n jẹ ẹ́. Ìlà àyẹ̀wò nìkan ni ó ń tò.

Àfi ìgbà tí wọ́n wá ṣírò ohun tí n óò máa gbà. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó-oṣù tí mo gbà kẹ́yìn. Èrè ń gun orí owó náà lọ́dọọdún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà ti gun òkè jù ú lọ. Ọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn ni ó ṣírò rẹ̀, kò sì sọ fún mi pé mo lè gbé owó náà lọ sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò kí wọ́n máa san án fún mi títí n óò fi kú. Ìgbà tí mo ti buwọ́ lùwé tán ni mo gbọ́. Ní ti ọmọbìnrin yẹn, wọ́n ti gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn.

Máàkì: mẹ́rin nínú márùn-ún. Tirẹ̀ ni mẹ́ta níbẹ̀.