Ṣọ́ọ̀bù àlòkù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń fi èrè gba yàrá fún aláìnílé

Ẹni tó bá mọ agbègbè Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH bá parí ẹ̀kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀dì, fóòmù, fáànù, sítóòfù àti tábìlì ìkàwé yóò kún ẹnu ọ̀nà. Wọn yóò ta òmíràn ní owó pọ́ọ́kú, òjò yóò sì máa pa èyí tó kù. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń kó jọ. Wọ́n ń rà á, tàbí kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá yọ̀ǹda rẹ̀, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ń tà á. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn owó ọjà àti owó òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ń gba yàrá fún àwọn tó ń sùn sí abẹ́ ìsọ̀ lóru.

Tábìlì ni mo lọ rà níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́. ₦14,000 ni mo san. Ẹsẹ̀ tábìlì náà kan ti kán rí. Káfíńtà wọn gé ibi tó kán kúrò, ó so igi mìíràn mọ́ ọn, ó fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó dè é, kò sì fi ọ̀dà bo ojú rẹ̀. Nígbà tí mo béèrè ìdí, ó ní oníbàárà gbọ́dọ̀ rí ibi tí àwọn ti tún ọjà ṣe kó tó sanwó. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, tábìlì náà kò mì. Fáànù tí mo rà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ẹni tí oorun ń kùn. Wọ́n pààrọ̀ kàpásítọ̀ rẹ̀ lójú mi láìgba kọ́bọ̀, àmọ́ èmi ni mo san owó ọ̀kadà àlọ àtàbọ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa tan ohun tó ń lo iná sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó gbé e síta.

Ìwé ìṣirò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ló jẹ́ kí n fọkàn tán wọn. Oṣooṣù ni wọ́n ń kọ iye tó wọlé, iye tí òṣìṣẹ́ gbà, àti yàrá tí wọ́n san owó rẹ̀. Wọn kì í kọ orúkọ ẹni tó ń gbé inú yàrá náà, mo sì yìn wọ́n fún èyí gan-an, kí ẹni tí a ràn lọ́wọ́ má baà di ẹni àpèwò láàárín ìlú.

Ọ̀rọ̀ owó ilé ni wọ́n mọ̀ dáadáa. Owó ọdún kan ni onílé máa ń béèrè lọ́dọ̀ wa, nígbà mìíràn ọdún méjì, ẹ́jẹ́ǹtì yóò sì gba tirẹ̀. Alábàárù tó ń rí owó oúnjẹ lójoojúmọ́ lè ṣiṣẹ́ títí kó má rí irú owó bẹ́ẹ̀ kó jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ibi tó ń sùn ni wọ́n ti ń jí ìwọ̀nba tó tọ́jú. Ṣọ́ọ̀bù yìí ń san owó ọdún àkọ́kọ́ lé onílé lọ́wọ́. Ẹni tó wọlé yóò sì máa dá àjọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, èyí tí yóò fi san ọdún kejì fúnra rẹ̀. A máa ń sọ pé agbo ilé kì í jẹ́ kí ọmọ Yorùbá sun ìta. Èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n opó tí wọ́n lé kúrò nílé ọkọ, tí ilé bàbá rẹ̀ sì ti wó, agbo ilé wo ni yóò padà sí? Obìnrin kan tó ń fọ àga níbẹ̀ sọ fún mi pé ohun tí òun kọ́kọ́ rà nígbà tí òun gba yàrá ni àgádágodo kejì. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ méjèèjì hàn mí.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1949, àlùfáà Kátólíìkì kan ní ilẹ̀ Faransé, Abbé Pierre, dá ẹgbẹ́ Emmaus sílẹ̀ nítòsí Paris; àwọn aláìnílé tó gbà sọ́dọ̀ ń ṣa ohun tí àwọn ẹlòmíràn dà nù, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń tà á, owó náà ni wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà, tí wọ́n tún fi ń kọ́ ilé fún ẹlòmíràn. Bákan náà ló rí níbí: púpọ̀ nínú àwọn tó ń fọ ẹrù, tó sì ń kàn án, ti sun ìta rí, owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń gbà.

Fóòmù wọn ni n kò ní rà. Wọ́n ń sá a sóòrùn, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó láti lé ìdun, mo sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n yé tà á. Ẹni tó bá ń wá àga tàbí tábìlì kó débẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, kó sì mú kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ́wọ́, nítorí pé wọn kò ní ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọjà délé.