Ẹ̀rọ Afa-ooru fún Omi Ìwẹ̀: Ó Dára, Ṣùgbọ́n Ẹ Tún Un Tò Kí Ẹ Tó Lò Ó

Ó ti pé oṣù mẹ́sàn-án báyìí tí a ti gbé ẹ̀rọ afa-ooru tó ń mú omi gbóná wọ ilé wa ní Ìjàpọ̀, ní ìlú Àkúrẹ́. Àwa méje la ń wẹ̀ nílé náà, títí kan ìyá wa àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí omi tútù kò gbọdọ̀ kàn lára láàárọ̀ ọyẹ́. Híítà oníná lásán la ń lò tẹ́lẹ̀, owó iná tó ń jẹ kò sì ṣeé fẹnu sọ. Ẹ̀rọ tuntun yìí dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò ó fún wa níbẹ̀rẹ̀ kò bá ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa mu rárá, ẹni tí kò bá sì tún un tò yóò rò pé wọ́n lu òun ní jìbìtì ni.

Bí fìríìjì ṣe ń fa ooru kúrò nínú ikùn rẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń gbóná, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń fa ooru inú afẹ́fẹ́, tí ó sì ń kó o sínú àgbá omi lítà 200 tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ àti fáànù nìkan ló ń jẹ iná, nítorí náà, iṣẹ́ tí híítà lásán yóò fi yúnítì 3 ṣe, nǹkan bíi yúnítì 1 lè tó o ní ìlú tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í tutù púpọ̀ bíi tiwa. Ṣùgbọ́n bí ooru tí a ń béèrè bá ṣe ga tó ni wàhálà rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ní àwọn ilẹ̀ olótùútù bíi Sweden, níbi tí wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ mú gbogbo ilé móoru, omi tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ yàrá kọjá kì í sábà ju nǹkan bíi dígírì 35 lọ. Àwa kò nílò ìyẹn. Omi ìwẹ̀ ló kàn wá.

Oníṣẹ́ tó bá wa so ó fi í sí dígírì 65, ó sì tan irin iná tó wà nínú àgbá náà mọ́ ọn, ó ní kí omi lè tètè gbóná ni. Kò sọ fún wa pé irin yẹn kò yàtọ̀ sí ti híítà àtijọ́, àti pé gbogbo ìgbà tó bá ti dá sí iṣẹ́ náà ni èrè ẹ̀rọ ń lọ. Mítà kékeré tí mo ní kí wọ́n fi sójú wáyà rẹ̀ fi hàn pé ó ń jẹ yúnítì 5 sí 6 lójúmọ́. Fún ilé tó wà lórí Band A, ìyẹn ìpele àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù lójúmọ́, tí wọ́n sọ yúnítì kan wọn di 225 náírà ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ nìyẹn.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo gbé ìwé ìlò rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀. Bọ́tìnnì márùn-ún ló wà lójú ẹ̀rọ náà, a sì ní láti tẹ méjì pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ó tó gbà wá láyè láti yí ohunkóhun padà. Mo pa irin iná náà, mo dá omi padà sí dígírì 50, mo sì ṣètò aago rẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ láti aago kan ọ̀sán sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti mú afẹ́fẹ́ gbóná dáadáa. Àgbá náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí omi ìrọ̀lẹ́ ṣì ń rú èéfín nínú báàkẹ́ẹ̀tì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí oṣù kan fi máa pé, ohun tó ń jẹ ti wálẹ̀ sí yúnítì 2 àti díẹ̀ lójúmọ́. Ìyá wa ló kọ́kọ́ fajúro, wọ́n ní omi tí kò bá ta ni lára, omi òjò ni. Mo ní kí wọ́n dín omi tútù tí wọ́n fi ń là á kù, ẹjọ́ sì parí.

Mi ò jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju dígírì 50 lọ, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí Legionella, tó ń fa irú òtútù àyà kan tó le, máa ń gbèrú nínú omi tó kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń gbé omi dé dígírì 60 fúnra rẹ̀; ọjọ́ yẹn nìkan ni mo gbà kí irin iná ràn án lọ́wọ́. Omi dígírì 60 lè bó awọ ọmọdé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, nítorí náà a ní kí púlọ́ńbà fi fáàfù tó ń da omi tútù mọ́ ọn sí ẹnu páìpù tó lọ sí balùwẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kò ṣàìsí. Kò fẹ́ràn háàfù kọ́rẹ́ńtì rárá, ẹ ra sítébíláísà tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́ ọn. Bí iná bá lọ tó sì dé, yóò dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tún gbéra. Èmi ti pe oníṣẹ́ lásán lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Omi máa ń kán lára rẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ amúlétutù, oníṣẹ́ wa kò sì fi páìpù sí i, a kàn jí bá adágún nílẹ̀ ni. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì méjì la ń fọ asẹ́ rẹ̀ nítorí eruku. Ó tún ń kùn, ẹ má ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ yàrá ìsùn. Tiwa wà nínú yàrá kékeré lẹ́yìn ilé ìdáná, afẹ́fẹ́ tútù tó ń tú jáde sì ti sọ ibẹ̀ di ibi tí gbogbo ènìyàn ń sá wọ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìlọ́po mẹ́ta owó híítà lásán la fi rà á, nítorí náà ilé tí èrò pọ̀ sí àti ilé àlejò ló bá mu. Ẹni tó ń dá gbé, tí báàkẹ́ẹ̀tì kan tó láàárọ̀, kẹ́tùlù rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ náà.